Ìyá Wo Ni Kí Wọ́n Kà Mọ́ Simi?

Ní Sáfẹ́dì tiwa ní Ísírẹ́lì, bí ènìyàn bá fẹ́ gbéyàwó, tàbí tó fẹ́ ra ilé, kò ní í ṣàì gbé orúkọ rẹ̀ lọ fún ẹni tí yóò kà á. Lẹ́tà Hébérù kọ̀ọ̀kan ló ní iye tirẹ̀. Àgbà tó mọ̀ ọ́n kà yóò ro orúkọ pọ̀, yóò sì wo ọ̀rọ̀ mímọ́ tí iye rẹ̀ bá a dọ́gba. Àwọn ará Tẹl Áfífù máa ń fi wá rẹ́rìn-ín. Kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín lọ, ẹnu wọn ni.

Simi, ọmọ Mòrókò tó ń ṣe wàràkàṣì lẹ́bàá ọ̀nà itẹ́ òkú, ti lé ní ogójì ọdún kí Hananeli tó yọjú. Ìyàwó Hananeli ti kú. Bọ́ọ̀sì ló ń wà lọ sí Tìbéríà, ó sì máa ń fi gbogbo èjìká rẹ́rìn-ín. Ó ní òun fẹ́ fi Simi ṣaya. Simi ní kó fún òun láyè títí Sábáàtì yóò fi wọlé ní ìrọ̀lẹ́ Ẹtì. Ọkàn rẹ̀ ti gbà á, ẹ̀rù ló kù. Ló bá gba ilé Hákámù Shaltiel lọ, baba arúgbó tó ń ka orúkọ.

"Orúkọ?"

"Simi."

"Ọmọ ìyá wo?"

"Ọmọ Freha." Ó yọ lẹ́nu rẹ̀ bí ẹni ń kí ènìyàn káàárọ̀.

Baba bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. "Simi, ọgọ́fà. Freha, ọ̀ọ́dúnrún ó dín méje. Ó di irinwó lé mẹ́tàlá. 'Ilé' jẹ́ irinwó lé méjìlá."

"Ẹyọ kan ti lé, Bàbá."

"Ẹyọ kan kì í bà á jẹ́, àwọn àgbà fàyè gbà á. Lọ kọ́lé rẹ, ọmọ mi."

Inú Simi dùn débi pé ó gbàgbé kọjú sọ́nà, díẹ̀ ló kù kó rọ́ lu kẹ̀kẹ́ oníbúrẹ́dì. Freha ló bá nídìí ààrò, ó ń se ẹja alátapupa. Nígbà tó gbọ́, ó gbé ṣíbí sílẹ̀.

"Orúkọ ìyá wo lo fún un?"

"Tiyín ni, Màmá."

"Tèmi kẹ̀? Ta ló bí ẹ? Rahel àbúrò mi ló bí ẹ, tó kú sórí ìkúnlẹ̀. Ìyá tó bíni ni wọ́n ń kà, òpè! Padà lọ, kí o lọ sọ orúkọ tòótọ́!"

Orí Simi dàrú. Freha yìí kan náà ló da omi ìfọṣọ lé aládùúgbò kan lórí nígbà kan, nítorí pé ìyẹn pe Simi ní "ọmọ àbúrò rẹ". Láti ìgbà tó ti gbé e nílẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bí i, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba ipò ìyá mọ́ ọn lọ́wọ́. Lónìí tí ọkọ dé, ó wá ń tì í dànù. Ó dun Simi wọra.

Ó padà lọ. Baba tún un kà.

"Simi, ọgọ́fà. Rahel, òjìlúgba ó dín méjì. Ó di òjìdínnírinwó ó dín méjì." Ó fọwọ́ pa irùngbọ̀n.

"Kí ló jẹ́, Bàbá?"

"Ejò."

"Ẹ̀ẹ́n?"

"Má tíì sunkún. Mèsáyà náà, iye kan náà ni."

"Bàbá, kí ni kí n wá sọ fún ọkùnrin yẹn? Ṣé kó máa sá ni, àbí kó dọ̀bálẹ̀?"

Baba rẹ́rìn-ín, ó sì mí kanlẹ̀. "Èmi náà ò mọ̀. Nígbà tí ara rẹ ò yá ní kékeré, orúkọ ìyá wo ni wọ́n fi ń gbàdúrà fún ẹ? Èyí tí Ọ̀run ti mọ̀ ọ́ sí ni ká kà. Lọ bi ẹni tó tọ́ ẹ dàgbà."

Ní ọ̀sán Ẹtì, Freha ń di ìyẹ̀fun pípò tí wọ́n fi ń ṣe búrẹ́dì Sábáàtì bí ẹni ń dirun, Simi sì bi í.

"Rahel ni," Freha dáhùn, kò gbójú sókè.

"Ní gbogbo ìgbà?"

"Ní gbogbo ìgbà! Ọkọ mi àkọ́kọ́ kú, mo ní kò burú. Ìkejì kú, àwọn ọkùnrin bẹ̀rẹ̀ sí í yà fún mi lọ́nà. Òfin àwọn àgbà ni pé kí ẹnikẹ́ni má fẹ́ obìnrin tó ti sin ọkọ méjì. Ṣé orúkọ yẹn ni kí n wá lẹ̀ mọ́ ọmọ mi lára? Ládùúgbò, èmi ni ìyá rẹ, kí ẹni tó bá láyà wá sọ pé kì í ṣe èmi. Ṣùgbọ́n níwájú Ọlọ́run, mo máa ń fi ẹ́ pamọ́ sẹ́yìn Rahel."

Simi bá a di ìyẹ̀fun tó kù. Ibi tó ti ń ronú ni Hananeli ti wọlé, fìlà lọ́wọ́.

"Kí ni Bàbá wí?"

"Ó ní ilé ni mí. Ó tún ní ejò. Ó tún ní Mèsáyà."

"Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta? Èmi rò pé bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ni."

"Mi ò mọ èyí tí mo jẹ́, Hananeli. Ṣùgbọ́n màá fẹ́ ẹ. Màmá á sì máa bá wa gbé."

"Láéláé!" Freha figbe ta. "Ṣé o fẹ́ pa á ni?"

Ẹ̀rín kú lẹ́nu Hananeli. Ọmọ Sáfẹ́dì lòun náà, ó mọ ohun tí wọ́n ń sọ nípa Freha. Ó wo ilẹ̀kùn. Simi ò mọ̀ bóyá ìfẹ́ lòun ń ṣe tàbí ìkà.

Oòrùn ti ń wọ̀. Simi tan àbẹ́là Sábáàtì, ó fọwọ́ bojú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ ilé rere. Nígbà tó kan orúkọ, ó dúró.

"Rahel," Freha sọ wúyẹ́wúyẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. "Jọ̀ọ́, sọ pé Rahel."

"Fún Simi," ni ó wí, "ọmọ Freha."

Freha lọgun bí ẹni tí iná jó. Hananeli de fìlà rẹ̀, kò wo ilẹ̀kùn mọ́. Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n nígbà tó ṣe àmín.