Ọ̀sẹ̀ Kan Tí N Kò Wẹ Ọmọ Ẹnikẹ́ni

Nígbà tí a sọ fún àwọn èèyàn wa ní Dublin pé èmi àti ọkọ mi ń lọ sí erékùṣù kan fún ọ̀sẹ̀ kan, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí wọ́n bi wá ni pé, "Ta ló kú?" Kò sẹ́ni tó kú. Wọ́n ní ṣé ìgbéyàwó ni? Mo ní rárá o. Wọ́n ní kí wá ni? Mo ní a fẹ́ lọ sinmi ni. Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló dẹ́rù bà wọ́n jù. Ní ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀lé e, ẹnìkan fa ọkọ mi sí kọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà mọ́sálásí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má fi pamọ́ fún wa. Kí ni dókítà sọ?"

Bí a ṣe wà nígbà náà nìyẹn. Iṣẹ́ wà níbi gbogbo. Bí ẹ bá gbójú sókè ní Dublin, kireni ni ẹ ó rí. Bí ẹ bá wolẹ̀, kòtò tí wọ́n ń gbẹ́ ni. Luas, ọkọ̀ ojú irin inú ìlú, ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá nítòsí wa ní Clondalkin, àwọn èèyàn wa á sì ti ibi iṣẹ́ kan bọ́ sínú rẹ̀, wọn á sùn, wọn á jí níbi iṣẹ́ kejì. Ẹni tó bá gba ìsinmi, Nàìjíríà ló ń lọ, kó lè tún lọ ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Á lọ wo ilé tó ń kọ́, á lọ parí ìjà mọ̀lẹ́bí, á wá gbé ibà padà. Pé tọkọtaya á di ẹrù, wọn á lọ jókòó síbi tí wọn ò ti mọ ẹnì kan, kí wọ́n máa wo òkun, a ò gbọ́ ọ rí láàárín wa.

Tèmi tún wá le ju ti ọkọ mi lọ, torí èmi ni mò ń wẹ ọmọ. Ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ ṣàlàyé ìyẹn. Ọmọbìnrin Yorùbá tó bá bímọ ní Dublin láyé ìgbà náà, ìyá rẹ̀ wà ní Ìbàdàn tàbí Ìṣẹ́yìn, wọn ò fún un ní físà. Ta ni yóò wá jókòó sórí àpótí, tí yóò na ẹsẹ̀ méjèèjì, tí yóò tẹ́ ọmọ tuntun sórí itan, tí yóò fi kànìnkànìn àti ọṣẹ dúdú wẹ̀ ẹ́ títí ara rẹ̀ á fi máa dán? Ta ni yóò na apá, tí yóò na ẹsẹ̀, tí yóò fi òrí pa á lára, tí yóò sì fi omi gbígbóná jó ikùn ìyá rẹ̀? Nígbà tí a kọ́kọ́ dé, mo wẹ ọmọ aládùúgbò wa kan, ọmọ náà sùn wọ̀ọ̀ di ọjọ́ kejì. Ìyá rẹ̀ sọ fún ẹnìkan, ẹni yẹn sọ fún ẹlòmíràn. Kí ọdún tó yí po, wọ́n ti sọ mí di ìyá oníwẹ̀ gbogbo ìlú.

Láàárọ̀, ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan ní Dún Laoghaire ni mò ń lọ, mò ń wẹ àwọn Òyìnbó tó ti dàgbà. Nírọ̀lẹ́, mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Coolock tàbí ibòmíràn, mò ń wẹ ọmọ tuntun. Ọkọ mi máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹni tó ń wọ ayé àti ẹni tó ń jáde, ọwọ́ mi ni gbogbo wọn ń gbà kọjá. Ó ń fi rẹ́rìn-ín ni. Àmọ́ nígbà tó di ọjọ́ kan, ó bá mi nínú kíṣìnnì, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti mú ìkòkò, ẹ̀yìn mi kọ̀, n kò lè nàró. Kò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn.

"Màmá," ó ní, "ọ̀sẹ̀ kan. Mi ò bẹ̀ ọ́ o, mò ń sọ fún ọ ni."

"Dádì, ta ni yóò máa wẹ àwọn ọmọ?"

"Ọmọ tí kò bá lè dúró di ọjọ́ méje, kó máa dọ̀tí."

Ọmọ wa obìnrin, tó ti wà ní yunifásítì, ń gbọ́ wa láti pálọ̀. Gbogbo Yorùbá tí a bá sọ ló ń yé e, Gẹ̀ẹ́sì Dublin ló sì fi ń dáhùn. Ó ké sí wa, "Go on, Mammy, ye'll be grand!" Ó ní kí n máa lọ, kò ní sí wàhálà. Bí wọ́n ṣe fẹnu kò lé mi lórí nìyẹn.

Òyìnbó kan tí òun àti ọkọ mi jọ ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí ní Coolock ló júwe ibi tí a ó lọ fún un. Achill ni wọ́n ń pè é, erékùṣù olókè tó wà ní ìpẹ̀kun ilẹ̀ Ireland, òkun Àtìláńtíìkì ló yí i ká. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bí ọkùnrin náà, àbúrò rẹ̀ obìnrin sì ń gba àlejò sílé. Nígbà tí mò ń di ẹrù, ọkọ mi fọwọ́ wá inú báàgì mi, ó fa ọṣẹ dúdú àti kànìnkànìn yọ. Ọlọ́run ló mọ̀, n kò mọ ìgbà tí mo kó wọn síbẹ̀.

"Ta lo fẹ́ wẹ̀?" ó ní. "Àgùntàn?"

Kí a tó lọ, mo ti tọ Ìyá Àdínì wa lọ, ìyẹn olórí àwa obìnrin ní mọ́sálásí. Ìyàwó ọmọ àbúrò wọn wà nínú oyún, ó ku bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo sọ fún wọn pé n ó ti dé kó tó bí. Wọ́n kàn mi orí.

A wọ ọkọ̀ ojú irin títí dé Westport, a wọ bọ́ọ̀sì, a gun afárá kan, a sì bọ́ sí erékùṣù. Àwọn òkè ńláńlá ló dìde lójú wa, ìkúukùu jókòó lórí wọn bíi gèlè tí wọn ò tíì wé tán. Àgùntàn ń dá rìn lójú títì, wọ́n fi ọ̀dà pupa àti búlúù sàmì sí wọn lẹ́yìn. Obìnrin tó ni ilé gbà wá tọwọ́ tẹsẹ̀. A sọ fún un pé a kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹja ló dín fún wa pẹ̀lú ẹyin. Mo dìde láti kó abọ́. Ó ní kí n jókòó. Mo tún dìde. Ó gba abọ́ lọ́wọ́ mi, ó fojú bá mi wí bí ẹni ń bá ọmọ wí. Ẹ má rẹ́rìn-ín o: ó ti tó ogún ọdún tí ẹnikẹ́ni ti kó abọ́ kúrò níwájú mi.

Ọjọ́ kìíní, mo sùn. Ọjọ́ kejì, a rìn lọ sí etí òkun. Èmi jókòó sórí àpáta, ọkọ mi ká ṣòkòtò sókè, ó ti ẹsẹ̀ bọ omi, ó pariwo, ó sá jáde. Ó ní òkun yẹn kì í ṣe òkun tí à ń wọ̀, yìnyín tó ń rìn ni. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo wá ṣàkíyèsí pé n kò gbọ́ ẹ̀yìn mi láti àárọ̀. Kò dùn mí. Mo kàn ń jókòó, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ mi, kò sẹ́ni tó ń retí mi níbì kankan. Mo ní, Ọlọ́run, ṣé báyìí ni àwọn kan ṣe ń gbé ayé?

Fóònù kò ṣiṣẹ́ nínú ilé náà. Ògiri òkúta kan wà lórí gegele lẹ́yìn ilé, ibẹ̀ nìkan ni nẹ́tíwọ̀kì wà. Lójoojúmọ́, bí a bá ti kírun Ásárì tán, a ó gun ibẹ̀ lọ láti pe àwọn ọmọ wa. Ní ọjọ́ kẹta, bí mo ṣe jókòó sórí ògiri náà, fóònù dún. Ìyá Àdínì ni.

"Ọmọ ti dé," ni wọ́n wí. "Ọkùnrin ni. Wọ́n ti dá wọn sílẹ̀ ní ọsibítù láàárọ̀ yìí. Ìgbà wo lo máa dé?"

"Alhamdulillahi! Ẹ kú oríire, Ìyá Àdínì. Ara ìyá ọmọ ńkọ́?"

"Ara rẹ̀ le, ara ọmọ le. Mo ní ìgbà wo lo máa dé?"

"Sátidé, ní agbára Ọlọ́run."

"Sátidé kẹ̀? Òní Túsìdeè? Ọkọ̀ ojú irin wà láàárọ̀ ọ̀la. Mo ti ní kí wọ́n bá ọ wò ó."

"Ìyá Àdínì, ẹ̀yin náà mọ ọmọ wẹ̀."

"Èmi? Pẹ̀lú orúnkún tèmi yìí?"

"Tèmi náà kì í ṣe irin, mà."

 Wọ́n wá ní, "Ọmọ tuntun wà nílẹ̀, o wà lórí òkè, ò ń wo àgùntàn. Kí ni kí n sọ fún àwọn èèyàn?"

"Ẹ sọ fún wọn pé mò ń wo àgùntàn."

N kò mọ ibi tí ẹnu yẹn ti wá. N kò fi irú rẹ̀ dá àgbà lóhùn rí. Wọ́n pa fóònù mọ́ mi létí. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo wọlé, mo fa báàgì jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ. Ọkọ mi jókòó sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ń wò mí. Kò ní kí n má lọ. Ó kàn ní, "Tí o bá padà lọ́la, Màmá, o ò tún ní kúrò ní Dublin mọ́ láyé. Wọn á ti mọ̀ pé ìpè kan péré ti tó."

Mo jókòó sórí aṣọ tí mo ká. Òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́mọbìnrin yẹn náà wà lọ́kàn mi, ọmọ àkọ́bí, kò sí ìyá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo ro ó síwá, mo ro ó sẹ́yìn. Mo ní, ta ló wà nílé náà pẹ̀lú rẹ̀? Ọkọ rẹ̀ ni. Ó ti gba àyè níbi iṣẹ́ torí ọmọ. Gìrìpá ọkùnrin ni, ó lè gbé fíríìjì. Mo padà sórí ògiri, mo pè é.

"Ọwọ́ mélòó lo ní?" mo bi í.

"Màmá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Méjì ni, mà."

"Ó tó. Wá nǹkan kúkúrú jókòó lé. Ìwọ lo máa wẹ ọmọ rẹ."

"Ẹ̀n? Màmá, ọkùnrin ni mí o!"

"Mo mọ̀. Ìyàwó rẹ ti bímọ, ẹ̀rí wà nílẹ̀. Gé èékánná rẹ, fi ìgbọ̀nwọ́ tọ́ omi wò. Kí ìyàwó rẹ gbé fóònù sí ọ létí."

Báyìí ni mo ṣe wẹ ọmọ láti orí òkè Achill láìfọwọ́ kan omi. Mo tẹ́ jákẹ́ẹ̀tì ọkọ mi sórí itan mi kí n má bàa gbàgbé nǹkan kan. Mò ń pariwo sínú afẹ́fẹ́, "Fi ọwọ́ gbá ọrùn mú! Ọrùn, mo ní, kì í ṣe etí! Má jẹ́ kí omi kan ìwọ́ rẹ̀!" Mò ń gbọ́ igbe ọmọ, mò ń gbọ́ ìyá rẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín, mò ń gbọ́ ọkùnrin náà tó ń mí hẹlẹ. Àgbẹ̀ kan àti ajá rẹ̀ dúró lójú ọ̀nà ìsàlẹ̀, àwọn méjèèjì ń wo obìnrin dúdú tó ń na apá jákẹ́ẹ̀tì. Ọkọ mi juwọ́ sí i, ó ní kò séwu.

Ọjọ́ kejì, mo tún pè. Ọjọ́ kẹta, ọkùnrin náà ló kọ́kọ́ pè mí. Nígbà tó di Jímọ̀, mo pè é, ohùn jẹ́jẹ́ ló fi gbé e. Ó ní, "Màmá, ẹ má bínú, mo ti wẹ̀ ẹ́ tán. Ẹ má pariwo, ó ń sùn." Mo pa fóònù. Èmi àti ọkọ mi gun òkè tó ga jùlọ nítòsí, a jókòó sínú koríko, a jẹ ápù, a sì ń wo òkun.

A dé ní Sátidé. Ní ọjọ́ Sọ́ńdè, àwa obìnrin pàdé ní mọ́sálásí fún àṣàláátù. Ìyá Àdínì rí mi, wọ́n gbé ohùn sókè kí gbogbo ilé lè gbọ́.

"Ẹni tó lọ wo àgùntàn ti dé o."

"Mo ti dé, mà. Wọ́n kí yín."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín, wọ́n yára fi ìborùn bo ẹnu. Ìyá Àdínì kò rẹ́rìn-ín. "O sọ ọkùnrin di oníwẹ̀. Ta ló gbọ́ irú rẹ̀ rí? O gbọ́dọ̀ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi níwájú gbogbo àwọn wọ̀nyí."

Ojú gbogbo wọn wà lára mi. Ìyá ọmọ náà kò tíì máa jáde, ìbá ti gbà mí sílẹ̀. Mo kúnlẹ̀, torí àgbà ni wọ́n, mo kí wọn dáadáa. Mo dìde. Mo ní, "Ìyá Àdínì, ọ̀rọ̀ àgùntàn tí mo fi dá yín lóhùn, ẹ forí jì mí, kò yẹ kí n sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ti pé n kò wá, n kò ní bẹ̀bẹ̀ fún un. Bí ẹ bá tún pè mí lórí òkè yẹn lọ́la, n kò ní wá."

Mo wá kojú sí àwọn yòókù, mo sọ òfin mi fún wọn. Ọjọ́ mẹ́ta ni n ó máa wá fún ọmọ tuntun. Bàbá ọmọ yóò jókòó tì mí lọ́jọ́ kìíní, yóò bá mi dì í mú lọ́jọ́ kejì, òun ni yóò wẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ kẹta. Ilé tí bàbá kò bá ti gbà, n kò ní wọ ibẹ̀.

Àwọn kan bínú, wọn kò pè mí mọ́. Ìyá Àdínì kò yà sílé mi fún ọdún méjì gbáko, a kàn ń kíra ní mọ́sálásí ni. Ó dùn mí, n kò ní parọ́. N kò sì yí òfin náà padà.

Bí oṣù kan lẹ́yìn tí mo sọ òfin náà, mo jáde níbi iṣẹ́ ní Dún Laoghaire, mo bá ọ̀dọ́kùnrin kan lẹ́nu géètì, ọmọ Yorùbá bíi tiwa ni, n kò mọ̀ ọ́n rí. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ àwọn Òyìnbó. Ó ní ìyàwó òun bí obìnrin lánàá, wọ́n sì ti sọ òfin mi fún òun, òun gbà.

Mo ní kó dìde, kó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Mo wo èékánná rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ní kó kọ́kọ́ lọ gé wọn.