Ọ̀bẹ Tí Mo Ṣe fún Ọwọ́ Màmá Mi

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí àwọn ọmọbìnrin ẹgbẹ́ mi ní Oxon Hill, ní ìpínlẹ̀ Maryland ní Amẹ́ríkà, ń yọ òbí wọn lẹ́nu pé kí wọ́n ra ẹ̀rọ orin alágbèéká fún àwọn, fáìlì ni èmi ń bẹ màmá mi pé kí wọ́n rà fún mi. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Fáìlì irin ni mo wí, èyí tí ara rẹ̀ rí ṣákiṣàki, tí àwọn oníṣẹ́ irin fi ń ha irin. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí, àárín àwọn ọdún 1990 la wà, èmi àti màmá mi nìkan la sì jọ ń gbé nínú fúláàtì oníyàrá méjì. Nọ́ọ̀sì ni màmá mi. Mo ti pé ọmọ ọdún mẹ́fà kí wọ́n tó mú mi kúrò ní Ìbàdàn, ìdí nìyẹn tí Yorùbá mi kò fi rí bíi tiyín, ẹ̀yin tí ẹ máa ń dáhùn ní Gẹ̀ẹ́sì bí a bá fi èdè wa pè yín.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé nígbà ooru ọdún yẹn, ìjọ Mẹ́tọ́díìsì tí à ń lọ ṣe bàsá, olúkúlùkù sì gbé ohun tó ní láti tà wá. Bàbá àgbàlagbà kan nínú ìjọ náà, aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ títún bọ́ọ̀sì ṣe, tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì, wọ́n sì to ọ̀bẹ mẹ́sàn-án lé e lórí. Mo ti rí ọ̀bẹ rí, àbí ta ni kò rí ọ̀bẹ rí? Ṣùgbọ́n irú èyí kọ́. Igi pupa tó ń dán ni èèkù wọn, irin wọn sì mọ́ débi pé mo rí wáyà tí dókítà fi de eyín mi kó lè tò dáadáa nínú rẹ̀. Mo bi bàbá pé ṣọ́ọ̀bù wo ni wọ́n ti rà wọ́n. Wọ́n ní àwọn kò rà wọ́n, ọwọ́ àwọn làwọn fi ṣe gbogbo rẹ̀, láti ara ayùn àtijọ́ tí àwọn èèyàn ti jù nù. Ara mi yá gágá. Títí di ọjọ́ yẹn, mo rò pé ilé iṣẹ́ ńlá nìkan ló ń ṣe nǹkan, pé tiwa ni ká ṣáà máa rà á.

Mo sáré lọ bá màmá mi níbi tí wọ́n ti ń wo aṣọ.

"Ọ̀bẹ ṣíṣe kẹ̀?" ni wọ́n wí. "Ìwọ tó ò tíì mọ iṣu bó dáadáa. Ṣé tìtorí ọ̀bẹ ni mo ṣe gbé ẹ wá sí America?"

Mo bẹ̀ wọ́n fún ọ̀sẹ̀ méjì. Mo ń fọ abọ́ tí ẹnikẹ́ni kò rán mi láti fọ. Nígbà tó yá, màmá bá bàbá ọlọ́bẹ náà àti ìyàwó wọn sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ìsìn, màmá sì gbà pé kí n máa lọ ní Sátidé Sátidé.

Brandywine ni ilé bàbá wà. Brandywine ìgbà yẹn kì í ṣe èyí tí ẹ mọ̀, tí ilé tuntun kún bámúbámú yìí. Oko ló wà lápá ọ̀tún, oko ló wà lápá òsì, àwọn abà onípákó tí wọ́n ń sá tábà sí sì dúró káàkiri. Ẹ̀yìnkùlé ni bàbá ní ilé iṣẹ́ wọn sí, ilé pákó kékeré kan tó ń rùn fún òróró àti igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n fún mi ni kí n fi fáìlì ha etí irin kan títí yóò fi tẹ́jú. Odindi Sátidé mẹ́rin ni mo fi ha á. Bí mo bá ní ó ti tẹ́jú, wọn á fi irin mìíràn tó tẹ́jú dáadáa tì í, wọn á gbé méjèèjì síbi ìmọ́lẹ̀ láti wò ó bóyá ìmọ́lẹ̀ ń yọ láàárín wọn, wọn á sì dá tèmi padà fún mi. Apá ń ro mí, èékánná mi dúdú bíi ti mẹkáníìkì, lẹ́búlẹ́bú irin wà nínú irun mi, inú mi sì ń dùn ṣìnkìn. Ní ilé ìwé, ẹlòmíràn ló máa ń sọ fún mi bóyá mo ṣe dáadáa. Níbí, mo lè fi ojú ara mi rí i. Lọ́jọ́ tí bàbá gbé irin mi síbi ìmọ́lẹ̀ tí ìmọ́lẹ̀ kò rí àyè gbà kọjá, mo fò sókè, mo sì fi orí gbá pákó tí wọ́n ń to irinṣẹ́ sí.

Ilé ìwé wọlé, mo tún bẹ màmá kí wọ́n jẹ́ kí n máa lọ. Ìgbà tó di oṣù kẹwàá ni èsì ilé ìwé dé. Màmá mi wò ó bí dókítà ṣe ń wo fọ́tò egungun tó ṣẹ́.

"C," ni wọ́n wí. "Nínú maths. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Gbogbo Saturday tó o ti ń lọ síbẹ̀, ọ̀bẹ dà?"

Kò sí ọ̀bẹ kankan tí mo lè fi hàn. Irin tó tẹ́jú nìkan ni mo ní.

"Ó dáa, gbọ́ mi. Tó bá fi máa di Thanksgiving, kó o ti ṣe ọ̀bẹ kan wá tí mo lè fi dáná nínú kitchen yìí. Tí mo bá lò ó tó dáa, máa lọ. Tí kò bá dáa, Saturday ti di ti lesson nìyẹn, mi ò sì fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ọ̀bẹ mọ́."

Thanksgiving ni ọjọ́ ìdúpẹ́ àwọn ará Amẹ́ríkà, ìparí oṣù kọkànlá ló máa ń bọ́ sí. Sátidé mi ni wọ́n gbé sórí ọ̀bẹ kan ṣoṣo. Mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo ṣe é gẹ́lẹ́ bí bàbá ṣe ń ṣe tiwọn: ẹ̀yìn rẹ̀ nípọn, èèkù rẹ̀ kún ọwọ́, mo sì pọ́n ojú rẹ̀ láti orí ṣóńṣó títí dé ìdí èèkù. Nígbà tí mo parí rẹ̀, ó ń fá irun apá mi. Bàbá bọ̀ mí lọ́wọ́ bí ẹni ń bọ àgbà lọ́wọ́. Inú ìwé ìròyìn ni mo wé e sí, mo gbé e dé ilé bí ẹyin.

Màmá mi mú ilá. Wọn kì í gé nǹkan lórí pátákó. Ẹ̀yin náà ti rí i bí àwọn ìyá wa ṣe ń ṣe é: ilá wà ní àtẹ́lẹwọ́ òsì, ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ ọ̀tún, ìka ìfábẹ̀lá wà lára irin fúnra rẹ̀, wọn á sì máa rẹ́ ilá wẹ́wẹ́ sínú abọ́ láìwo ọwọ́ wọn. Ọ̀bẹ mi kò rẹ́ ilá, ṣe ló ń tẹ̀ ẹ́ pẹ́tẹ́, torí ó ti nípọn jù. Wọ́n bá fi agbára kún un. Ìka wọn yọ̀ lọ sí igun tí irin ti pàdé èèkù, ibi tí èmi fọwọ́ ara mi pọ́n títí ó fi mú bí abẹ. Ẹ̀jẹ̀ dà sínú ilá.

Wọ́n lọ fọ ìka náà, wọ́n di í fúnra wọn. "Ọwọ́ yìí ni mo fi ń tọ́jú aláìsàn o," ni wọ́n wí jẹ́jẹ́. Ká ní wọ́n pariwo mọ́ mi ni, ì bá sàn. Ó ku bí ọ̀sẹ̀ méjì kí ọjọ́ pé, mo sì gbà pé ọ̀rọ̀ ti parí. Mo wọ yàrá lọ, mo sunkún.

Ní Sátidé, mo ro gbogbo rẹ̀ fún bàbá. Wọ́n bi mí bí màmá ṣe di ọ̀bẹ náà mú. Mo fi igi pẹlẹbẹ kan ṣe àpèjúwe. Wọ́n mi orí, wọ́n ní èèyàn kankan kì í gé nǹkan bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìsìn, àwọn àti ìyàwó wọn tẹ̀ lé wa délé láti wá fojú ara wọn rí i. Màmá rẹ́rìn-ín, wọ́n mú àlùbọ́sà kan àti ọ̀bẹ àtijọ́ wọn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́ ẹ lọ́wọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, pẹ̀lú báńdéèjì lójú ìka. Bàbá dìde fùú, wọ́n na ọwọ́ méjèèjì bí ẹni fẹ́ gba ọmọ tó fẹ́ já bọ́. Nígbà tí àlùbọ́sà tán tí ẹ̀jẹ̀ kankan kò sì sí, wọ́n jókòó, wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi nu ojú.

Wọ́n wá kọjú sí mi. "Tèmi ni àṣìṣe yìí," ni wọ́n wí. "Ọ̀bẹ orí pátákó ni mo kọ́ ẹ. Ọwọ́ màmá rẹ ni pátákó tiwọn."

Wọ́n ní kí n mú bébà wá. Màmá tẹ́ ọwọ́ lé e, mo fi pẹ́ńsù yí i ká, mo sì sàmì síbi tí ìka kọ̀ọ̀kan máa ń wà. Ibẹ̀ ni màmá mi ti yí padà. Wọ́n tẹ̀ síwájú, wọ́n ń nawọ́ sí bébà náà bí ẹni tó ń rán aṣọ lọ́dọ̀ télọ̀. "Ibí yìí, kó fẹ́lẹ́ dáadáa. Ibí yìí, má pọ́n ọn rárá, ibẹ̀ ni ìka mi ń sinmi sí. Kó fúyẹ́ o."

Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọ̀sẹ̀ yẹn, bí mo bá ti ṣe iṣẹ́ màtì tán, irin ni mo ń fi fáìlì tí bàbá yá mi ha. Nígbà tó di Sátidé, bàbá ti ilẹ̀kùn ilé iṣẹ́ kí ibẹ̀ lè ṣókùnkùn, ká lè rí àwọ̀ irin nínú iná. Fún ìgbà àkọ́kọ́, wọ́n kó ẹ̀mú lé mi lọ́wọ́. Irin náà pọ́n, ó pọ́n, títí ó fi dà bí ọsàn tó pọ́n dáadáa. Mo fi mágínẹ́ẹ̀tì kàn án. Mágínẹ́ẹ̀tì kò fà á mọ́, àmì pé ó ti tó nìyẹn. Mo rì í bọ inú òróró, ó dún ṣàà, èéfín bò mí lójú. Nígbà tó tutù, bàbá fi fáìlì wọ́ ọ, fáìlì sì yọ̀ lára rẹ̀ bí ẹni wọ́ ọ lórí gíláàsì.

Ṣùgbọ́n irin tó le bẹ́ẹ̀ lè ṣẹ́ bí ó bá já bọ́. Ó gbọ́dọ̀ wọ inú ààrò tó gbóná níwọ̀nba kí líle rẹ̀ lè rọ̀ díẹ̀. Bàbá ní kí n lo ààrò ilé wa, kí ẹni tó ni ọ̀bẹ lè rí i. Mo rò pé màmá máa kọ̀. Kàkà bẹ́ẹ̀, wọ́n gbé àga síwájú ààrò, wọ́n ń yọjú wò ó láti ara gíláàsì bí ẹni yan ṣinṣín. Mo ti sọ fún wọn pé àwọ̀ ìyeyè ni à ń retí.

"Ó ti dà bíi gaàrí olépo," ni wọ́n wí nígbà tó yá. "Yọ ọ́, yọ ọ́."

Nígbà tí ọjọ́ Thanksgiving pé, tòlótòló wà nínú ààrò, ilá sì wà nínú abọ́. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì. Màmá gbé ọ̀bẹ náà sọ́wọ́, wọ́n yí i síbí, wọ́n yí i sọ́hùn-ún, ìka wọn sì lọ jókòó síbi tí mo fi sílẹ̀ fún un láìpọ́n. Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ilá ń já bọ́ wẹ́wẹ́, wẹ́wẹ́, wọn kò sì wo ọwọ́. Wọ́n gé gbogbo rẹ̀ tán. Wọ́n fọ ọ̀bẹ náà, wọ́n nù ún gbẹ, wọ́n sì fi í síbi tí ọwọ́ wọn lè tètè tó o.

"Saturday tó ń bọ̀," ni wọ́n wí, wọ́n kọjú sí ìkòkò, "aago mélòó ni bàbá ní kí n gbé ẹ wá?"

Mo dì mọ́ wọn lẹ́yìn, mi ò sì tètè jù wọ́n sílẹ̀.

Bàbá ti lọ sinmi. Ilé tuntun ti bo ibi tí ilé iṣẹ́ wọn wà. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, bí ẹ bá fẹ́ kọ́ ọ̀bẹ ṣíṣe, ẹ ó tan fóònù yín, ẹnì kan á sì máa ṣe é lójú yín títí á fi parí. Mi ò bínú sí i, èmi náà ń wò ó. Ṣùgbọ́n ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi mọ́tò gbé ọmọ tèmi kiri ni mo tó jókòó ro nǹkan kan. Iṣẹ́ alẹ́ ni màmá mi máa ń ṣe lọ́jọ́ Jímọ̀. Aago méje àárọ̀ Sátidé ni wọ́n ń jáde ní ọsibítù. Kó tó di aago mẹ́sàn-án, wọ́n ti gbé mi dé ọ̀dọ̀ bàbá, láìsùn. Wọn á páàkì sábẹ́ igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà, wọn á dúró sínú mọ́tò títí n ó fi ṣe tán, inú máa ń bí mi, torí mo rò pé ṣe ni wọ́n ń ṣọ́ mi. Ayé ti rọrùn lóòótọ́. Ẹ lè kọ́ iṣẹ́ kan tán lórí bẹ́ẹ̀dì yín báyìí, kó má sì gba oorun lójú ẹnikẹ́ni. Tèmi gba oorun lójú màmá mi fún ọdún mẹ́rin, wọn ò sì sọ ọ́ fún mi lẹ́ẹ̀kan.