Ọjọ́ Méjìlélógún sí Kánò

Inú máa ń bí mi bí àwọn ará àdúgbò wa ní Gàmbàrí, Ìlọrin, bá ní ẹ̀gbọ́n mi, Abdulmumini, kò fẹ́ràn ọmọ rẹ̀. Irọ́ gbáà ni. Ọ̀nà ló mọ̀ jù, òun náà ló sì ṣe é léṣe.

Mádúgù ni, ìyẹn ẹni tó máa ń ṣáájú àwọn oníṣòwò obì láti Ìlọrin lọ sí Kánò. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn ín, wọ́n á wọ ọkọ̀ ojú omi sọdá odò Ọya ní Jẹ́bà, ọjọ́ méjìlélógún gbáko. Bí o bá jí i lójú oorun, á sọ ibi tí èrò ń sùn ní ọjọ́ kẹsàn-án fún ọ. Nígbà tí rélùwéè òyìnbó fi máa dé Kánò, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò wọ̀ ọ́ rí. Bí ó bá gbọ́ fèrè rẹ̀, á yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Hajarat, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, wà nílé ọkọ ní Kánò. Ní ọjọ́ Àlàrùbá kan, oníṣòwò kan mú ìwé wá fún wa: ara Hajarat kò yá, ó ń fẹ́ rí bàbá rẹ̀.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò ní lọ ni?"

"Lọ síbo? Ìròyìn ọjọ́ méjìlélógún lèyí. Ó ti dìde nílẹ̀ báyìí, tàbí kí wọ́n ti sin ín. A ó dúró de ìròyìn kejì."

Bí àwọn èrò ọ̀nà ti ń ṣe nìyẹn láti ayé bàbá wa. Wọn kì í gbéra nítorí ìròyìn àìsàn, torí kò sẹ́ni tó tíì lọ bá aláìsàn lórí ẹní rí. Èmi mọ̀ pé rélùwéè ni oníṣòwò náà wọ̀ wá, ọjọ́ méjì péré ló sì ń lò. Mo lanu, mo tún pa á dé. Ta ni mí, tí n óò máa kọ́ mádúgù ní iye ọjọ́ ọ̀nà Kánò? Ó jókòó ti tẹ̀sùbáà rẹ̀, oúnjẹ kò wọ̀ ọ́ lẹ́nu. Mo ń ṣe àmín sí àdúrà rẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà, a ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Jímọ̀ tán ni Sàídù, ọkọ Hajarat, wọlé. Ó dọ̀bálẹ̀, kò dìde.

"Bàbá, ọjọ́ Àtàláátà la sin ín."

"Àtàláátà wo?"

"Èyí tó kọjá yìí. Ọjọ́ Àtìní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ni ìwé tí mo kọ kúrò ní Kánò. Gbogbo ìgbà tí rélùwéè bá ti fọn fèrè ló ń ní kí a gbé òun sí ẹnu ọ̀nà. Ó ní bàbá òun ti dé."

Ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka ka ọjọ́. Ó kà á tán, ó tún un kà. Ká ní ó wọ rélùwéè ní Àlàmísì, ọjọ́ kejì tí ìwé dé, ọjọ́ mẹ́ta ni ì bá fi jókòó ti ọmọ rẹ̀. Ó wá gbójú sókè wò mí.

"Ìwọ mọ̀, àbí?"

Ọdún mẹ́fà ló tún lò láyé, kò sì bi mí ní ohunkóhun mọ́.