Oríkì Tí Ìyá Àgbà Ń Kì Láràárọ̀

Ẹ fìdí kalẹ̀, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, kí n ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé wa ní àdúgbò Boukoki. Ayọ̀ rẹ̀ ò tíì tán lára mi!

Nípàdé àwa ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó wà ní Niamey, olú-ìlú Niger, oníkálukú a dìde, a dárúkọ ara rẹ̀ àti agboolé rẹ̀. Bó bá kan bàbá mi, orúkọ nìkan ni, torí wọn ò mọ agboolé wọn. Bàbá àgbà tó tẹ̀dó síbí láyé Faransé kú kí bàbá mi tó gbọ́njú. Aláṣọ kan láti àdúgbò Kalley kì í jẹ́ ó lọ lásán: "Alàgbà, ṣé abẹ́ igi ni wọ́n bí bàbá yín sí ni?" Ilé a bú sẹ́rìn-ín. Bàbá mi náà a rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n wọn ò ní fẹnu kan oúnjẹ lọ́jọ́ náà.

Oníròyìn ni mí, mo ti wá ẹni tó sá pamọ́ rí! Orúkọ tó wà nínú káàdì ìdánimọ̀ bàbá àgbà, Sulemọ́nù, ni mo fi ń bi àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ lórí fóònù. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, bàbá mi dọ̀bálẹ̀ kí ìyá wọn. Ọmọ ẹ̀yà Zarma, onílẹ̀ níbí, ni ìyá àgbà. Yorùbá tí wọ́n mọ̀ ò ju oríkì tí ọkọ wọn kọ́ wọn, kí wọ́n máa fi kí àwọn ọmọ bí ìyàwó ilé ṣe ń ṣe: "Ọmọ a-gbẹ́-kànga-de-àlejò..." Láti kékeré la ti ń gbọ́ ọ. Ta ló kà á sí?

Àfi lọ́jọ́ náà tó sọ sí mi lọ́kàn pé oríkì agboolé bàbá àgbà ni! Mo gba ohùn wọn sórí fóònù, mo fi ránṣẹ́ sí bàbá arúgbó kan ní Ògbómọ̀ṣọ́. N ò tíì mu tíì tán tí fóònù fi dún. Bàbá náà ò tiẹ̀ kí mi, ńṣe ni wọ́n ń bá oríkì náà lọ: "Kànga ò gbẹ, àlejò ò relé!" Wọ́n ní, "Ilé Oníkànga nìyẹn! Àkànní tó lọ Òkè Ọya tí ò bọ̀ mọ́! Orúkọ tó gbà lọ́hùn-ún lẹ fi ń wá a, báwo la ṣe fẹ́ mọ̀ ọ́n?"

Ìyá àgbà gbọ́ "Àkànní", wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọ́n ní lédè Zarma pé orúkọ tí àwọn fi ń pe ọkọ àwọn ní yàrá nìyẹn. Kí ló dé tí wọn ò sọ ọ́? "Ta ló bi mí?"

Nípàdé tó tẹ̀ lé e, bàbá mi dìde: "Ọmọ Àkànní, Ilé Oníkànga!" Wọ́n wá kọjú sí aláṣọ: "Abẹ́ igi kọ́ o, àbúrò. Etí kànga ni. Bóùngbẹ bá ń gbẹ ọ́, máa bọ̀!" Àtẹ́wọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí òrùlé!

Mo ti gbọ́n: kí ẹ tó wádìí lọ ọ̀nà jíjìn, ẹ bi àwọn ìyàwó ilé yín. Tiyín ńkọ́? Ta ló mú yín dé orírun yín? Ẹ sọ fún wa.