Àdúrà Tí A Fi Ṣí Fíìmù Ẹlẹ́yà

Bí mo bá ń ra búrẹ́dì ní Ìkọ̀tún, ẹlòmíràn á ṣàdédé yíjú padà, á ní: "Ẹ̀yin kọ́ lẹ pa ọba nínú fíìmù yẹn?" Èmi náà ni. Iṣẹ́ mi ni pé kí n máa fi Yorùbá sọ ohun tí àwọn èèyàn inú fíìmù òkèèrè ń fi èdè wọn sọ. Ẹnu tiwọn ló ń mì, ohùn tèmi lẹ ń gbọ́. Nítorí pé ohùn mi há díẹ̀, olè àti ọ̀dàlẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń fún mi ṣe.

Alàgbà ló kọ́ mi níṣẹ́, nínú yàrá kan tí wọ́n fi fóòmù bo ògiri rẹ̀ ní Ẹ̀gbẹ́dá. Alàgbà ìjọ ni wọ́n lóòótọ́, mùsùlùmí ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ sì ni mí, àmọ́ ọmọ ni wọ́n ń pè mí. Òfin kan ṣoṣo ni wọ́n ní: "Ràsákì, bí o bá gbé ohùn olóhùn, gbé e délé." Bí olè lo bá ń ṣe, kí àwọn tó ń gbọ́ ọ di àpò wọn mú.

Ni Dàpọ̀, oníbàárà wa kan, bá gbé fíìmù kan wá. Ọlọ́yàyà ọmọ ni, kò sì fi bò pé òun kì í ṣe ẹ̀sìn kankan. Nínú fíìmù náà, aláwàdà òyìnbó kan ń rìn káàkiri ayé, ó ń bi àwọn ẹlẹ́sìn léèrè ọ̀rọ̀, ó sì ń fi wọ́n ṣẹ̀sín. Alàgbà rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní Ọlọ́run kì í bínú àwàdà. Ojú ń dùn wọ́n lákòókò náà, wọ́n ní kí n máa ṣe é lọ, àwọn á gbọ́ ọ lọ́jọ́ tí a bá fi han àdúgbò.

Ọkùnrin yẹn mọ ọ̀rọ̀ sọ! Màá rẹ́rìn-ín títí, kí n tó rántí pé èmi gan-an ló ń bú. Ó ṣe mí bíi kí n sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ di ọbẹ̀ tí kò níyọ̀. Àmọ́ òfin ni òfin; mo gbé e délé. Ohun kan ṣoṣo ló ń já mi láyà: bí Alàgbà bá gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu mi, ṣé wọ́n á tún pè mí lọ́mọ?

Kí iṣẹ́ tó kúrò lọ́wọ́ wa, a máa ń to àga sí àgbàlá mi ní Ẹ̀gán kí àwọn aládùúgbò kọ́kọ́ wò ó, Alàgbà ló sì máa ń fi àdúrà ṣí i. Lọ́jọ́ náà, wọ́n dìde bí ìṣe wọn, ohun tó mọ́ wọn lẹ́nu ni wọ́n sọ: "Olúwa, jẹ́ kí fíìmù yìí yí ọkàn gbogbo wa padà!"

"Àmín!" ni gbogbo àgbàlá dáhùn. Èmi nìkan ni mi ò lè la ẹnu.

Bí aláwàdà náà ti ń fi onígbàgbọ́ ṣe yẹ̀yẹ́, àwọn mùsùlùmí ń rẹ́rìn-ín. Ó kan mùsùlùmí, àwọn onígbàgbọ́ gba ẹ̀rín tiwọn. Nígbà tó kan pásítọ̀ tó ní bàálù, gbogbo wa la jọ pàtẹ́wọ́. Ó wá béèrè pé: "Ká ní ilé kejì ni wọ́n bí ọ sí, ṣé ẹ̀sìn yìí náà lo máa pè ní òtítọ́?" A bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú ara wa. Ohùn ara mi ló ń bi mí.

Kò pẹ́ tó tún fi sọ pé ẹ̀sìn kì í jẹ́ kí èèyàn méjì gbé pọ̀. Ìyá Bọ́sẹ̀, tí yàrá wọn kọjú sí tèmi, figbe ta: "Jọ̀ọ́, ṣé ẹni yìí ò ní aládùúgbò ni? Ẹran Iléyá Ràsákì, ta ló ń bá a jẹ ẹ́? Èmi díákónẹ́ẹ̀sì ṣá ni!" Dàpọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín ṣubú lórí àga. Ibi tí òyìnbó yẹn ti ń béèrè ló ti mú wa. Ibi tó ti ń bá wa dáhùn, kò mọ̀ wá rárá.

Nígbà tí fíìmù parí, mo lọ bá Alàgbà. Mo dọ̀bálẹ̀. "Bàbá, ẹ má bínú."

"Bínú kẹ̀? Ọkùnrin yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ mú mi lọ! O gbé e délé, ọmọ mi."

Inú mi dùn débi pé n kò tètè dìde nílẹ̀.

"Bàbá," ni Dàpọ̀ wí, "ẹ ò ní fi àdúrà pa á dé ni?"

Lọ́tẹ̀ yìí, Alàgbà kọ́kọ́ rò ó. "Olúwa, ìbéèrè ọkùnrin yẹn le o. Fún wa lésì."

Nínú gbogbo àwọn tó ṣe Àmín, ohùn Dàpọ̀ ló ròkè jù.