Ọwọ́ Tí Mo Fà Kúrò Nínú Àwo

Òórùn wàrà Fúlàní tó ń yí nínú òróró gbígbóná ló máa ń pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà nírọ̀lẹ́, nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé ọkọ ní àdúgbò Albarika. Ìyálé mi, ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, ló ń dáná. Àwo iyán kan náà ni gbogbo àwa obìnrin ilé ń bù jẹ; kò sẹ́ni tó ń gbé tirẹ̀ wọ yàrá.

Inú mi ló da nǹkan rú. Bí mo bá ti jẹun tán, á wú, á le, á sì máa lọ́ mi títí màá fi yàgbẹ́, lẹ́yìn náà á rọlẹ̀. Lọ́sẹ̀ yìí, mò ń ṣu gbuuru. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, kò sóhun tó ń jáde. Kí n tó gun zémì, ọ̀kadà akérò, lọ sọ́jà, màá ti ro ibi tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà lójú ọ̀nà. Wọ́n ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, mo bá ń mu àgbo, ìyẹn wá tún sọ mí di èrò ilé ìgbọ̀nsẹ̀ pátápátá. Ojú ń tì mí láti ṣàlàyé, nítorí náà mo ń tètè fa ọwọ́ kúrò nínú àwo, màá ní mo ti yó. Ìyálé mi náà wá dá àṣà tuntun: òun ló ń kọ́kọ́ bu òkèlè, á gbé e mì níṣojú mi kó tó ní ká bọwọ́ sí i. Wọ̀bìà ni mo kà á sí.

Dókítà obìnrin tí mo wá lọ bá nílé ìwòsàn ní Banikanni ní kí n má tijú. Ṣé ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìgbẹ́? Ṣé mò ń rù? Ṣé ìrora ń jí mi lójú oorun? Rárá ni gbogbo rẹ̀. Wọ́n ṣe àyẹ̀wò, wọn ò rí nǹkan kan.

"Ìfun yín ò légbò," ó ní, "ó kàn ń tètè bínú ni. Ẹ dín wàrà àti ẹ̀wà kù ná, ká wò ó. Tẹ́ ẹ bá rẹ́jẹ̀, ẹ tètè padà wá."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún ìyálé mi nídìí iná, títí kan ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ó gbé ṣíbí lélẹ̀, omi sì lé sí i lójú.

"Ìyàwó, ṣé ohun tó ń ṣe ẹ́ nìyẹn? Mo rò pé ò ń bẹ̀rù pé mo ń fi nǹkan sóúnjẹ ni. Àwọn ará ilé ti ń wò mí níwòkuwò."

Ìgbà yẹn ni òkèlè àkọ́kọ́ yẹn tó yé mi. Ó dùn mí gan-an.

Inú mi ṣì ń wú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Abọ́ ọbẹ̀ kékeré tí kò ní wàrà máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọbẹ̀ gbogbo ilé, àmọ́ àwo iyán kan náà la ṣì jọ ń bù. Bí inú bá sì ti ń lọ́ mi, mo máa ń sọ ọ́ síta níbẹ̀, kí ẹni tó se oúnjẹ má baà tún tọ́ ọ wò nítorí mi.