Ilé Amọ̀ Tó Wà Nínú Ilé Búlọ́ọ̀kù

Ojú mi báyìí ló ṣe. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún mi. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti na okùn ìpìlẹ̀ sílẹ̀ títí dé ọjọ́ tí nǹkan bàjẹ́, kò sí òkúta kan tí wọ́n gbé nílé wa n'Ìwó tí mi ò rí. Àwọn èèyàn wa ní Peckham níbí máa ń sọ pé ẹni tó bá jókòó sí London kọ́lé sílé, wọ́n á rẹ́ ẹ jẹ ni. Kí wọ́n máa sọ ọ́ fún ẹlòmíì. Tèmi, ẹyọ àpò sìmẹ́ǹtì kan ò sọnù. Bíríkìlà mi ò jẹ́ bu omi sí iyanrìn kó má kọ́kọ́ pè mí lórí fídíò, kí n fi ojú ara mi rí i.

Mo sì mọ ohun tí mò ń wò. Ìwé mi ò pọ̀, mi ò tilẹ̀ parí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi méjèèjì yìí ti gbẹ́ ìpìlẹ̀ ní Sydenham, wọ́n ti po kọnkéré ní Stockwell, ní London níbí. Tí ẹ bá ń kọjá lọ tí ẹ rí ilé tuntun kan tó dúró dáadáa, ẹ béèrè wò, àfàìmọ̀ kí n má ti ru nǹkan níbẹ̀.

Ní Forest Hill ni mo ti rí ọgbọ́n tí mo lò. Ilé àtijọ́ kan wà níbẹ̀ tí ìjọba ní a ò gbọdọ̀ wó iwájú rẹ̀, torí ó ti pẹ́, ó sì wuni. A wó gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀, a fi irin ti ògiri iwájú kó má ṣubú, a wá kọ́ ilé tuntun sí i lẹ́yìn. Mo máa ń jẹun ọ̀sán níwájú ògiri yẹn. Mo wò ó títí, mo sọ fún ara mi pé, bí òyìnbó bá lè gba irú wàhálà yìí fún ilé ẹni tí wọn ò mọ̀ rí, kí ló dé tí mi ò ní lè gbà á fún ilé bàbá mi?

Amọ̀ ni bàbá mi fi kọ́ ilé tiwọn. Mo kéré nígbà náà, ṣùgbọ́n mo wà lára àwọn tó tẹ amọ̀ náà. Àwọn àgbà á wa ilẹ̀ pupa, wọ́n á bu omi sí i, àwa ọmọdé á bọ́ sínú rẹ̀, a ó máa tẹ̀ ẹ́, a ó máa pariwo, títí á fi lẹ̀ mọ́ wa dé orúnkún. Wọ́n á mọ ìpele kan, wọ́n á fi í sílẹ̀ kó gbẹ, kí wọ́n tó mọ òmíì lé e. Ẹsẹ̀ mi wà nínú ògiri yẹn.

Tí mo bá ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́, tí òjò wínníwínní ibí ń wọ̀ mí lọ́rùn, oúnjẹ kọ́ ló máa ń wá sí mi lọ́kàn. Ilẹ̀ yàrá bàbá mi ni. Ìyá mi á fi ìgbẹ́ màlúù rẹ́ ẹ títí á fi máa dán, á máa tutù minimini. Mo fẹ́ dùbúlẹ̀ síbẹ̀ láìtẹ́ ẹní, kí òtútù ilẹ̀ náà mú mi lẹ́yìn, kí n máa gbọ́ ìrun tí wọ́n ń pè ní mọ́ṣáláṣí ìsàlẹ̀. Oríṣiríṣi bẹ́ẹ̀dì ni mo ti sùn lé ní London. Mi ò tíì rí èyí tó mọ ẹ̀yìn mi.

Ìyá mi nìkan ló ṣẹ́ kù sínú ilé náà. Páànù rẹ̀ ti dípẹtà, mo sì ti ṣèlérí ilé búlọ́ọ̀kù fún wọn. Ilẹ̀ tí ilé amọ̀ wà lórí rẹ̀ nìkan la sì ní. Mo ní kí wọ́n lọ dúró lọ́dọ̀ àbúrò mi obìnrin títí a ó fi kọ́ ọ tán. Ìyá mi pariwo mọ́ mi lórí fóònù.

“Kí n lọ máa sùn nílé àna mi? Kí ọkọ ọmọ mi máa pàdé mi láàárọ̀ pẹ̀lú pákò lẹ́nu? Ọkọ mi, ṣé òtútù ibẹ̀ ti wọ̀ ọ́ lórí ni?”

“Ìyá mi, ẹ ò ní pẹ́ níbẹ̀.”

“Mi ò tiẹ̀ ní débẹ̀.”

Ni mo bá gbé ọgbọ́n Forest Hill kalẹ̀. Mo ní ká mọ ògiri ilé tuntun yí ilé àtijọ́ ká, kí Ìyá mi máa gbé inú ilé wọn láàárín. Yàrá kan wà ní igun ilé tuntun náà, tí ilé amọ̀ ò dé ibẹ̀. Òun la ó kọ́kọ́ fi páànù bò, Ìyá mi á kó síbẹ̀. Ìgbà náà ni èmi fúnra mi á wá láti London. Màá wọ yàrá bàbá mi, màá sùn nílẹ̀ níbẹ̀, tí mo bá sì jí, èmi ni màá kọ́kọ́ fi ọkọ́ kan ògiri náà. Lẹ́yìn ìyẹn ni a ó wá pín inú ilé tuntun sí yàrá, ká kan òrùlé rẹ̀.

Bíríkìlà rẹ́rìn-ín títí fóònù fi ń gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀. “Ọ̀gá London, mo ti kọ́lé fún wòlíì, mo kọ́ fún ọlọ́pàá. Mi ò tíì kọ́lé fún ilé rí.”

“Wàá kọ́ ọ báyìí.”

“Ẹ̀yin lẹ nilé. Tèmi ni kí n tò ó.”

Ó sì tò ó. Nígbà tí wọ́n na okùn, mo rí i láti Peckham pé ó wọ́ sápá ọ̀tún. Ó ní kò wọ́. Mo ní kó wọ̀n ọ́n. Ó wọ́. Mo ní kí ìpìlẹ̀ ga ju ti gbogbo aládùúgbò lọ, kí ẹni tó bá ń bọ̀ lókèèrè ti mọ̀ pé ilé ń bẹ níbẹ̀. Mo ní kí sìmẹ́ǹtì pọ̀ nínú búlọ́ọ̀kù. Nígbà tí wọ́n dé líńtẹ̀lì, ìyẹn kọnkéré tó máa ń gba orí fèrèsé kọjá, ilé amọ̀ ti rì sínú ilé tuntun bí ẹyin nínú abọ́. Kí Ìyá mi tó jáde, wọ́n á gun búlọ́ọ̀kù tí wọ́n tò sẹ́nu ọ̀nà bí àtẹ̀gùn, torí ìpìlẹ̀ ti ga.

Ọmọbìnrin mi tí mo bí síbí yọjú wo fóònù lẹ́yìn mi. “Dádì, but why? Gránmà dà bí ẹni tó wà ní prísìn.”

“Kí ló wí?” Ìyá mi bi mí.

“Ó ní ẹ dà bí ẹlẹ́wọ̀n.”

“Sọ fún un pé bàbá rẹ̀ ló dá ẹjọ́ náà.” Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n wá wo òkè. “Òjò ńkọ́? Tẹ́lẹ̀, omi á ti etí òrùlé bọ́, á ṣàn lọ sójú títì. Báyìí, ibo ló máa gbà?”

“Ìyá mi, kí òjò tó dé, mo ti dé.”

Ìgbà ọyẹ́ ni mo fẹ́ lọ. Mo ti fi páàsì mi ránṣẹ́ kí wọ́n fún mi ní tuntun, tuntun náà ò sì tíì dé. Ta ló máa jẹ́ kí n wọ bàálù láìní páàsì? Ìyá mi ti kó sí yàrá igun. Mo ní kí ẹnikẹ́ni má yọ nǹkan kan nínú yàrá bàbá mi, kí gbogbo rẹ̀ wà bó ṣe wà, kí n bá a bẹ́ẹ̀.

Bíríkìlà pè mí. “Ọ̀gá, ojú ọ̀run ti ń ṣú o. Ẹ jẹ́ ká wó o.”

“Má fọwọ́ kàn án. Mò ń bọ̀.”

“Àtìgbà ọyẹ́ lẹ ti ń bọ̀.”

“Ṣé ìwọ lo bí bàbá mi ni?”

“Mi ò bí wọn, ọ̀gá. Ṣùgbọ́n mo mọ amọ̀.”

Mo ní kó lu ihò sẹ́sẹ̀ ògiri tuntun kí omi lè rí ọ̀nà jáde. Ó lu méjì. Mo wò ó, mo ní ó tó. Òjò tó wá rọ̀ kì í ṣe òjò ihò méjì. Ó kó iyanrìn, ó fi dí méjèèjì.

Mo wà ní Rye Lane ní Peckham níbí lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé, mo tò sórí ìlà nílé ẹlẹ́ran, nígbà tí Ìyá mi pè mí lórí fídíò. Wọ́n ń na fóònù jáde láti ojú fèrèsé yàrá igun. Omi pupa ló kún inú ilé búlọ́ọ̀kù bí ìgbà tí wọ́n pọn ọ́n sínú agbada. Ilé bàbá mi dúró láàárín rẹ̀, ìsàlẹ̀ ògiri rẹ̀ ti ṣú.

“Ẹ ní kí wọ́n wó ògiri tuntun!” Mo ké. “Kí wọ́n wó o! Kí omi jáde!”

“Ó ti ń wó o,” Ìyá mi dáhùn.

Lóòótọ́ ni. Bíríkìlà wà nínú òjò, ó ń fi òòlù lu ògiri tí òun fúnra rẹ̀ mọ. Búlọ́ọ̀kù mi kì í sì í ṣe búlọ́ọ̀kù tó ń fọ́. Ó lù ú, ó lù ú. Ibì kan ò tíì là nígbà tí yàrá bàbá mi lọ. Kò dún bí mo ṣe rò. Ó rọra jókòó sínú omi bí àgbàlagbà tó rẹ̀, páànù sì tẹ̀ lé e. Ìyókù ò pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀.

“Uncle, ẹ̀yin ló kàn o,” ọmọkùnrin ẹlẹ́ran wí. “Ṣé ẹ ò ra ẹran mọ́ ni?”

Mo kúrò lórí ìlà.

“O rí i?” Ìyá mi bi mí.

“Mo rí i, Ìyá mi.”

“Àlùhàmúdùlílà, mi ò sí nínú rẹ̀. Ọkọ mi, má sunkún lójú títì.”

“Mi ò sunkún.”

“Ṣebí mò ń rí ọ.”

Ilé tuntun ti parí. Kò sí irú rẹ̀ ládùúgbò, ẹni tó bá jiyàn kó wá wo fọ́tò lọ́wọ́ mi. Páàsì ti dé pẹ̀lú. Àwọn ará mọ́ṣáláṣí ń bi mí ìgbà tí mo máa lọ ṣí ilé, mo sì máa ń sọ fún wọn pé iṣẹ́ ló pọ̀. Ìyá mi ní ilẹ̀ rẹ̀ ń dán ju dígí lọ. Mo gbà. Tí mo bá dùbúlẹ̀ ní Peckham tí mo pa ojú dé, mi ò mọ ọ̀nà yàrá kankan níbẹ̀.

Ohun tó bá omi lọ nílé bàbá mi nìyí: yàrá mẹ́rin, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan, ilẹ̀kùn mẹ́fà, fèrèsé mẹ́rin, bẹ́ẹ̀dì irin kan, agbádá méjì, fìlà mẹ́ta, awọ àgùntàn ìkírun kan.